Ẹ̀fọ́rí Ọjọ́ Ìsinmi àti Àpamọ́wọ́ Mi

Imú mi ló kọ́kọ́ dí. Ọjọ́ Ìsinmi ni, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ mẹ́fà sì jókòó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká ní pálọ̀ ilé wa ní Owódé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́dà tí ìjọba tì pa. Mo ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí ọ̀kan nínú wọn sọ nígbà tí ihò imú mi méjèèjì dí lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀fìnkìn kankan kò ṣe mí láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni irun apá mi dìde. Ojú mi gbóná, òógùn bò mí níwájú orí, ó ń ṣàn dé ọrùn. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, ẹ̀fọ́rí kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpàkọ́ mi, ó ń lù kì, kì, kì, bó sì ṣe ń lù ló ń le sí i.

Mo ti ní ẹ̀fọ́rí rí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó di ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀fọ́rí kì í ṣe àjèjì sí mi. Èyí yàtọ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sínú agbárí mi bí ẹni ń fẹ́ táyà. Mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú, mo ń mi orí sí ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ mọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí n kò fẹ́ kí àwọn àlejò rò pé mo ń lé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí irú rẹ̀ bá ṣe yín tàbí ó ṣe ẹni yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì ní pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́dà pa, ọ̀kadà tí mo gùn bọ̀ láti Ìdí-Ìrókò yọ̀ lórí ẹrẹ̀ pupa, ó sì jù mí sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọlọ́kadà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Èmi kò dìde. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Abẹ́òkúta, àwọn dókítà sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn egungun ẹ̀yìn tó wà ní ọ̀gangan àyà mi, ìkẹrin láti òkè, ti fọ́, ó sì ti tẹ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá-ẹ̀yìn. Mùdùnmúdùn yìí ni okùn rírọ̀ tí ọpọlọ ń gbà bá gbogbo ara sọ̀rọ̀, tí ara náà sì ń gbà dá a lóhùn. Apá mi méjèèjì ṣì lágbára. Mo lè kọ̀wé, mo lè ṣa ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n láti ọmú lọ sísàlẹ̀, bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún mi, àfi kí ẹ wí fún mi.

Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ọkọ mi, Bàbá Bùnmi, káfíńtà ni. Kí n tó dé, ó ti gé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan kúrú, ó gbé e sí pálọ̀, ó sì fi pákó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ìlẹ̀kùn kí àga onítáyà mi lè gbà á jáde. Èmi náà ti pinnu ohun kan ṣoṣo: mo fẹ́ padà sí ilé ìwé mi. Lẹ́tà kan ti wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, pé bí n kò bá lè wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀, kí n kọ̀wé fẹ̀yìn tì. Mo ní kí ọkọ mi lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri ní ibi tí ojú mi á ti máa tó o. Ó ní ṣé kì í ṣe pé yóò máa bà mí nínú jẹ́. Mo ní kó lẹ̀ ẹ́.

Ilé ìtọ̀ mi, ìyẹn àpò inú ikùn tí ìtọ̀ ń kó sí, kò lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀, rọ́bà yìí ló ń gbé ìtọ̀ lọ sínú báàgì ike kan tí a ń fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ: báàgì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ilé ìtọ̀ lọ, rọ́bà kò sì gbọdọ̀ ká. Ó yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ rọ́bà náà lóòrèkóòrè. Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, ti ra odidi páálí kan fún mi níbẹ̀. Páálí náà wà lọ́hùn-ún bọ́dà, àwa wà níhìn-ín, kò sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé e. Ìwọ̀nba tí wọ́n fún wa ní Abẹ́òkúta ni a ń ṣọ́ lò.

Báàgì yìí ni n kò lè gbà. Kí wọ́n máa yí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ ọwọ́, kí ọkọ mi máa nu ìdí mi, mo gba gbogbo ìyẹn, mo sunkún, mo sì nu ojú. Ṣùgbọ́n kí ìtọ̀ mi wà nínú ike tó mọ́ gaara, kí àwọn tí mo kọ́ lọ́mọ jókòó kí wọ́n máa wò ó, mo ní rárá.

Mo wá ọgbọ́n dá. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti gbọ́ pé ìsìn ti parí, màá ní kí Bàbá Bùnmi lọ yá àga kún àga. Kó tó padà, màá ká rọ́bà náà sí méjì, màá fi rọ́bà róbótó tí mo fi ń di ìwé àwọn ọmọ so ó pinpin kí ohunkóhun má bàa dà, màá ki báàgì náà bọ inú àpamọ́wọ́ dúdú tí mo máa ń gbé lọ sí ilé ìwé, màá sì gbé àpamọ́wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi. Aṣọ ni mo fi ń bo rọ́bà tó so mọ́ mi. Àlejò á wọlé, wọ́n á rí ọ̀gá ilé ìwé tó wé gèlè, tí àpamọ́wọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ, màá tú u. Ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ó rò pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ń ti báàgì náà sí.

Bí ìbẹ̀wò bá jẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n, bóyá ì bá má di wàhálà. Kí wọ́n tó ti bọ́dà, ìbẹ̀wò aláìsàn ní Owódé kì í pẹ́: ẹ kú ara ò le, àdúrà kúkúrú, ó dàbọ̀, torí pé ọjà wà nílẹ̀. Lọ́dún yẹn, ìrẹsì kò wọlé, aṣọ kò wọlé, adìyẹ inú yìnyín kò wọlé. Àwọn obìnrin tó máa ń jí lọ sí bọ́dà kò ríbi lọ, wọ́n sì fẹ́ràn mi púpọ̀. Wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní pálọ̀ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo sọ yẹn, wọ́n ṣàdúrà ìparí, wọ́n lọ, mo tú rọ́bà mi bí mo ti máa ń ṣe, ẹ̀fọ́rí náà sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúpẹ́ fún àdúrà wọn. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó tún dé. Bàbá Bùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àlejò lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Bùnmi," ó ní, "ẹnì kan wà nínú àwọn obìnrin yìí tí kò fẹ́ ire fún wa."

"Àwọn tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá?" mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rẹ́ pákó yín."

Èmi rò pé rọ́bà tó ti pẹ́ lára mi ló fà á. Tí àbúrò mi bá rí ọ̀nà fi páálí náà ránṣẹ́, wàhálà parí. Bọ́dà ni mo ń bínú sí.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni ọkàn mi. Ẹni tó bá ti rọbí rí mọ̀ pé ìrora máa ń mú kí ọkàn sáré. Nígbà tí mo fẹ́ bí Bùnmi, etí mi ni mo fi ń gbọ́ ọkàn mi. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. A ní àwọn iṣan kan nínú ara tí wọ́n ń darí ọkàn, òógùn, oúnjẹ inú ikùn àti bí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó ń fún, láìdúró gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Iṣan adáṣiṣẹ́ ni mo ń pè wọ́n. Bí nǹkan bá dun èèyàn, ìròyìn á gba ọ̀pá-ẹ̀yìn lọ bá ọpọlọ, àwọn iṣan yìí á sì ta ọkàn jí kí ara lè múra láti sá tàbí láti jà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi kejì yẹn, nígbà tí orí mi fẹ́ là, mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, mo wo aago ògiri, mo ka ìlù ọkàn mi fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Méjìdínláàádọ́ta. Bí nǹkan kan kò bá ṣe mí, ó máa ń tó méjìléláàádọ́rin. N kò tíì ní ìrora tó tó báyìí rí, ọkàn mi sì ń rìn bí ẹni tó ń gbafẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, torí pé ohun tí kò bá yé olùkọ́, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ mi sáré lọ pe ẹnì kan wá láti ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Ó wọn ìfúnpá mi, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀. Ọgọ́sàn-án lókè, àádọ́fà nísàlẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìrònú ló fà á. Ó dá mi dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀fọ́rí náà sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fún mi ní oògùn kan, ó jáde lọ bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Kí ó tó wọlé padà, mo ti tú rọ́bà mi. Nígbà tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ìfúnpá ti ń wálẹ̀. Gbogbo wa yin oògùn náà, èmi gan-an yìn ín.

Wọ́n ní kí n máa lò ó lójoojúmọ́. Wàhálà kejì sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀pá-ẹ̀yìn rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ibi tí tèmi ti bàjẹ́, ìfúnpá rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Tèmi kì í ju ọgọ́rùn-ún lókè, ọgọ́ta nísàlẹ̀. Oògùn tún wá fà á sílẹ̀. Bí Bàbá Bùnmi bá ti gbé mi sórí àga onítáyà, ojú mi á ṣú, orí mi á ṣubú sí àyà, á di kó tún gbé mi dùbúlẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, n kò lè jókòó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, orí mi fẹ́ bẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, lẹ́tà yẹn ń wò mí láti ara ògiri. Mo máa ń wò ó padà. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kò tíì tó.

Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún ni Bàbá Ìlárá wá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, àgbẹ̀ ni ní Ìlárá, ó sì ru iṣu wá. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, n kò bá a sọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀ rí. Níwọ̀n bí n kò ti lè kúnlẹ̀ mọ́, mo fẹ́ kí gbogbo nǹkan yòókù pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí rọ́bà róbótó náà ká rọ́bà ìtọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Bàbá Ìlárá sì jẹ́ ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nípa iṣu láti ìgbà tí wọ́n gbìn ín títí dé ìgbà tí wọ́n wà á, kò fo ọjọ́ kan. Wákàtí mẹ́ta kọjá. Imú mi dí. Nígbà tó máa fi sọ̀rọ̀ dé orí ẹ̀gẹ́, mo ti ń rí iná wẹ́wẹ́ níwájú mi, n kò sì rí ojú rẹ̀ mọ́.

"Orí mi," mo ní. "Orí mi fẹ́ là."

Wọn kò pe ẹni ilé ìwòsàn àdúgbò yẹn mọ́. Ọkọ mi ní Ìlaro ni a ń lọ. Wọn kì í ta epo ní àwọn ilé epo tó wà lẹ́bàá bọ́dà nígbà náà, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ní ìwọ̀nba nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì gbà láti gbé wa. Wọ́n gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀. Nínú ìkánjú yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè báàgì ìtọ̀; Bàbá Bùnmi fẹ́ bá mi gbé àpamọ́wọ́, mo kọ̀, mo dì í mú mọ́ àyà mi. Bàbá Ìlárá jókòó tì mí, ó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ mi. Mo fẹ́ tú rọ́bà náà bí mo ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe ṣí aṣọ mi níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Mo ní ó di ìgbà tí a bá débẹ̀.

A kò tíì rìn jìnnà tí a fi bá igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà. Aṣọ́bodè kan wo bùútù, ó wo abẹ́ àga. Lẹ́yìn náà ló rí bí mo ṣe di àpamọ́wọ́ náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

"Ìwé ilé ìwé ni."

Ó wo òógùn ojú mi, ó wo gèlè mi. "Ẹ máa lọ mà. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà." Ó gbé igi kúrò. Èmi tí mo ti na ọmọ tí kò níye nítorí irọ́, mo pa irọ́ fún ìjọba lójú ọkọ mi, n kò sì ronú nípa rẹ̀ títí a fi dé Ìlaro. Ká ní ó fipá ṣí i ni, ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìrora ìdajì wákàtí.

Ní ilé ìwòsàn tí a lọ, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dúró de dókítà kún. Àwọn kan dìde fún wa. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà, tí ohùn rẹ̀ kò ròkè, wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí wọ́n má dá mi dùbúlẹ̀ rárá. Ó gbé ẹ̀yìn mi dúró lórí àga, ó ju ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, ó tú gèlè mi àti okùn ìró mi. Orí mi rọ̀ díẹ̀. Ó wọn ìfúnpá: igba lókè, ọgọ́fà nísàlẹ̀. Ó ka ọkàn mi: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bàbá Bùnmi fún un ní ìwé àkọsílẹ̀ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìdúró.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi?"

"Àlejò."

"Rọ́bà ìtọ̀ yín dà?"

Bàbá Ìlárá dúró ní ọwọ́ ọ̀tún mi, ọkọ mi ní òsì. Àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí kún ẹ̀yìn wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí a kọ́kọ́ wọ yàrá, yóò gbà, yóò lọ wá yàrá, ìṣẹ́jú á sì máa lọ. Ojú òsì mi kò ríran mọ́. Mo rántí lẹ́tà ara ògiri. Ó yé mi pé bí mo bá kú lónìí, ìtìjú ló pa mí, kì í ṣe ọ̀kadà.

"Ó wà nínú àpamọ́wọ́ mi," mo ní, mo sì sọ ọ́ sókè. "Mo so ó. Èmi ni mo máa ń so ó."

Ó ṣí àpamọ́wọ́, ó já rọ́bà róbótó náà, ó na rọ́bà ìtọ̀ tààrà. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó yẹ kí báàgì lọ sísàlẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n lè fi í kọ́ sí lára àga yẹn, nọ́ọ̀sì sì nílò ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó yíjú wá ẹni tó máa bá a mú un. Bàbá Ìlárá ti gbà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lóṣòó sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, láàárín èrò, ó di báàgì ìtọ̀ mi mú lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ń wò ó bó ṣe ń kún.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Omi ni, ìyàwó," ó ní. "Omi lásán ni."

Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, imú mi là. Nọ́ọ̀sì ń ka ọkàn mi, ó ń pe iye rẹ̀ fún mi kí n gbọ́: àádọ́ta, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, márùndínláàádọ́rin. Ìfúnpá ń wálẹ̀ bí ọkàn ṣe ń gòkè. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, orí mi fúyẹ́, mo sì rí gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn náà kedere, kò sí èyí tó ń fi mí rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Dókítà tó wò mí lẹ́yìn náà ya ara mi sórí bébà. Ó ní nígbà tí ilé ìtọ̀ mi bá kún dé etí, ó ń dun ara mi, bí kò tilẹ̀ dun èmi. Ìròyìn ìrora náà á gòkè títí dé ibi tí egungun ti fọ́, á dúró síbẹ̀, kò ní dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n àwọn iṣan adáṣiṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ti gbọ́, wọn kò sì ní ẹni tó máa dá wọn lẹ́kun. Wọ́n á fún òpó ẹ̀jẹ̀ ikùn àti ti ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, ìfúnpá á gòkè lójijì. Àwọn ibi tí ń wọn ìfúnpá ní ọrùn àti lẹ́bàá ọkàn á ta ọpọlọ lólobó. Ọpọlọ á gba ọ̀dọ̀ iṣan kan tó ti ọrùn lọ tààrà sí ọkàn, tí kò gba inú ọ̀pá-ẹ̀yìn, á ní kí ọkàn rọra. Ọkàn á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń lọ́ra nínú ìrora. Ọpọlọ á tún ní kí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè nìkan ni àṣẹ rẹ̀ ń dé. Wọ́n á ṣí ju bó ti yẹ lọ, ojú á gbóná, imú á dí, òógùn á bo orí, ẹsẹ̀ á sì tutù bí omi kànga. Bó ṣe máa wà nìyẹn títí ẹnì kan á fi mú ohun tó fà á kúrò. Orúkọ rẹ̀ gùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ń pè é ní ìdàrú iṣan adáṣiṣẹ́. Ó ní bó bá pẹ́ jù, òpó ẹ̀jẹ̀ lè bẹ́ nínú ọpọlọ, wọ́n á sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ẹni náà.

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ti bọ́dà pa nínú ẹ̀yìn yín, mà," nọ́ọ̀sì ní. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ bọ́dà ti sú mi.

Dókítà dá oògùn ìfúnpá ojoojúmọ́ yẹn dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, ìdajì wákàtí, wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ọ̀pá-ẹ̀yìn yín ti bàjẹ́ lókè, ẹ kọ ọ́ sára ògiri: bí ẹ̀fọ́rí tó ń lù bá dé lójijì pẹ̀lú òógùn, ẹ dìde jókòó, ẹ ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹ tú ohun tó bá fún yín lára, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí nǹkan kan kò bá ṣe rọ́bà, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ tó dí, ó lè jẹ́ egbò, kódà èékánná tó wọ inú ẹran. Bí kò bá sì rọlẹ̀ kíákíá, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àgàgà èyí tó bá ń tì yín lójú.

Mo padà sí ilé ìwé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà. Bàbá Bùnmi ti kan ìkọ́ kan mọ́ abẹ́ àga mi, báàgì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó wò ó.

Mo ti bínú sí ara mi rí. Mo ti rò pé láti àyà lọ sísàlẹ̀, òkú ni mò ń wọ́ kiri. Nísinsìnyí, bí mo bá ń wẹ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé mò ń wẹ òun, mo máa ń rántí pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni ara yìí fi pè mí. Kò ní ohùn mọ́, ó fi imú pè mí, ó fi òógùn pè mí, ó fa ọkàn mi sẹ́yìn kí n lè ṣàkíyèsí. Ara tó ń ṣe gbogbo ìyẹn fún mi kì í ṣe òkú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà kan tó lóṣòó lórí símẹ́ǹtì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo wọlé, a ń ṣe ìpàdé àwọn òbí. Mo ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí imú mi dí. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà ìtọ̀ mi ti ká." Alhaja, igbákejì mi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i pé táyà àga ló tẹ̀ ẹ́, ó sì yọ ọ́. Mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ mi níwájú gbogbo wọn, mo ń kà. Nígbà tí ọkàn mi padà dé ibi tó yẹ, mo gbójú sókè láti bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Obìnrin kan ti dìde láti ìlà ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ wá bá mi, ó ń nu ojú.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí mi. "Mà, àbúrò ọkọ mi já bọ́ látorí ọ̀pẹ. Ó ní irú rọ́bà yìí. Orí ń fọ́ ọ láti àárọ̀, òógùn sì bò ó. A ti ká rọ́bà náà mọ́ abẹ́ rẹ̀ torí pé àwọn àna rẹ̀ wà nílé."

Mo ní kí Alhaja parí ìpàdé. Mo yí táyà àga mi sí ọ̀nà ẹnu ìlẹ̀kùn, mo sì ní kí obìnrin náà máa sá lọ níwájú.